Àyẹ̀wò Rẹpẹtẹ Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti olùkọ́ ìṣirò pẹ̀lú, ló gbà pé bí ọ̀rọ̀ kan nípa nọ́ńbà bá ti já sí òótọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ó ti di òfin nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn nọ́ńbà fúnra wọn ti já ìgbàgbọ́ yìí nírọ́.

Ẹ wo àbá tí George Pólya, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gbé kalẹ̀ ní 1919. Gbogbo odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ ló ṣeé tú sí prime, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. 10 jẹ́ 2×5: prime méjì. 12 jẹ́ 2×2×3: mẹ́ta. Bí iye prime inú nọ́ńbà bá pín sí méjì dọ́gba, ẹ jẹ́ ká pè é ní Déédéé. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, Aṣẹ́kù ni. 1 kò ní prime kankan, nítorí náà Déédéé ni. Pólya ní láti 2 lọ, ibi yòówù kéèyàn kà dé, Déédéé kò ní pọ̀ ju Aṣẹ́kù lọ.

Ó sì jọ òótọ́! Láti 1 dé 10, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n. Ní 16, mẹ́jọ mẹ́jọ. Wọ́n tún dọ́gba ní 26, 40, 96 àti 586. Láti ibẹ̀ ni Aṣẹ́kù ti gba iwájú: ẹgbẹ̀rún kan, mílíọ̀nù kan, ẹgbẹ̀rin mílíọ̀nù, Déédéé kò bá wọn. Ta ni kò ní búra?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ní 906,150,256, wọ́n tún dọ́gba. Ní 906,150,257, Déédéé fi ọ̀kan ṣíwájú. Minoru Tanaka ló fi hàn ní 1980 pé kò sí nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó da àbá Pólya rú.

Ṣùgbọ́n C. B. Haselgrove ti dá ẹjọ́ náà ní 1958, láìka nọ́ńbà dé ibẹ̀. Ìmọ̀ nípa zeta ti Riemann, irinṣẹ́ ìṣirò kan tó so mọ́ àwọn prime, ló fi ṣírò rẹ̀ tó fi rí i dájú pé Déédéé gbọ́dọ̀ gba iwájú níbì kan.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà òde òní yóò bá wa kà á tán. Kí ni yóò kà tán nínú ohun tí kò lópin? Àbá mìíràn tó fara jọ ti Pólya ni Franz Mertens gbé jáde ní 1897, lẹ́yìn tó yẹ̀ ẹ́ wò dé 10,000. Andrew Odlyzko àti Herman te Riele fi ẹ̀rí wó o ní 1985, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà kankan kò tíì rí nọ́ńbà tí àbá náà ti kùnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó ogún àpẹẹrẹ wá, ẹ yìn ín, kí ẹ sì bi í léèrè ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìdí yẹn ni kí ẹ fún ní máàkì.