Òfin Kan, Òṣùwọ̀n Méjì



Àwa tí à ń gbé Kírikírì mọ ohun tí kọ̀ǹténà jẹ́. Ojoojúmọ́ là ń bá tírélà du ọ̀nà. Èyí tó kún ń wọlé láti òkè òkun. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé òfìfo ni wọ́n ń gbé padà. Síbẹ̀, wọ́n ní òfin ọjà àgbáyé ń ṣàánú tálákà. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Òótọ́ ni pé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé (WTO), tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti 1995, fi àyè sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí kò tíì rí já jẹ. Ó lè dín ọjà òkèèrè kù bí owó ilẹ̀ òkèèrè bá fẹ́ tán lápò rẹ̀. Lóòrèkóòrè, wọ́n á bi ìjọba kọ̀ọ̀kan léèrè ètò òwò rẹ̀ ní Geneva. Wọ́n bi Nàìjíríà ní 2011 àti 2017. Wọ́n ń bi Amẹ́ríkà náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe ìdájọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òwú. Ní 2003, Benin tó múlé tì wá, pẹ̀lú Burkina Faso, Mali àti Chad, ké gbàjarè pé owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà ń fún àgbẹ̀ rẹ̀ ń já iye òwú lulẹ̀. Brazil pẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì jàre ní 2005. Kí Brazil má baà fi owó ibodè gbẹ̀san lára ọjà rẹ̀, Amẹ́ríkà gbà ní 2010 láti máa san mílíọ̀nù 147 dọ́là fún un lọ́dún. Ní 2014, ó fi mílíọ̀nù 300 parí ìjà. Àgbẹ̀ Benin ńkọ́? Kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ fún un. Bí Benin bá ti ọjà Amẹ́ríkà mọ́ta, ta ni yóò dùn?

Àwa náà kò mọ́. Ìjọba wa ti ibodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, síbẹ̀ ìrẹsì gba ọ̀nà igbó wọlé. Ìlẹ̀kùn títì nìkan kò lè fún ilé iṣẹ́ ní iná mànàmáná.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Áfíríkà lọ sí Geneva pẹ̀lú ohùn kan. Kí àwa náà bi aṣojú wa nílé aṣòfin léèrè: àyè tí òfin fún wa, kí lẹ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà, kí á sì béèrè.