Kì í Ṣe Ariwo Ẹ̀rọ Lásán: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó Ń Lọ sí Àjọ̀dún Orin Techno fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, tọmọdé tàgbà, pé orin ijó oníná, ìyẹn orin tí a fi ẹ̀rọ ìlù àti kọ̀ǹpútà ṣe dípò ìlù awọ àti gìtá, kì í ṣe orin rárá. Pé ariwo òyìnbó ni, pé ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ kàn ń tẹ bọ́tìnì ni, àti pé kò sí ohun tí ẹni tó ní làákàyè lè lọ gbọ́ níbi àjọ̀dún rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti hàn jù lọ ni Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àjọ̀dún orin yìí tí wọ́n ń pè ní Movement ti ń wáyé ní ìparí oṣù Karùn-ún ní Hart Plaza, gbàgede etí odò kan tí ojú ti ń tó ìlú Windsor ti Kánádà ní òdìkejì omi. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ Detroit Electronic Music Festival. Carl Craig, ọmọ Detroit, ló yan àwọn olórin, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé.

Aláwọ̀ dúdú ni Craig, aláwọ̀ dúdú náà sì ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, tí wọ́n mọra láti iléèwé ní Belleville, ìlú kékeré kan nítòsí Detroit, ni a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ techno, ẹ̀yà orin ijó oníná tí ìlù rẹ̀ ń lọ geere láìdánudúró. Láti ọdún 1981 ni Atkins ti ń gbé àwo jáde nínú ẹgbẹ́ Cybotron. Òtítọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ yìí fetí sí ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk ti Jámánì, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí gbogbo Detroit mọ̀ sí Electrifying Mojo máa ń gbé sáàárín orin Funkadelic àti ti Prince. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ techno di ti Jámánì, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tó jẹ́ sọ pé àwọn tó rọ fèrè ni wọ́n ni jáàsì. Ohun tó jẹ́ kí ayé gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ Detroit yìí ni pé Yúróòpù ló tètè gba orin náà mọ́ra. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé àkójọ àwo tó sọ techno di mímọ̀ jáde ní ọdún 1988, lẹ́yìn tí ògiri Berlin sì wó, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà sọ ọ́ di tiwọn, débi pé ní ọdún 2024, Jámánì kọ àṣà techno ti Berlin sínú àkójọ àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n bọlá fún àwọn tó tọ́ ọmọ dàgbà, ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbàgbé àwọn tó bí i.

Ní ti bọ́tìnì, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rọ ìlù TR-808 tí iléeṣẹ́ Roland ti Japan gbé jáde ní ọdún 1980. Bọ́tìnì mẹ́rìndínlógún ló tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, iná kékeré sì ń sáré láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Ẹ̀rọ náà kò mọ ibi tó yẹ kí ìlù ti dún. Ènìyàn ló ń pinnu èyí tí yóò tẹ̀ àti èyí tí yóò fi sílẹ̀, bí ìró ìlù ńlá yóò ti pẹ́ tó kó tó kú, àti èyí tí yóò ta yọ. Ẹ̀rọ yìí kò tà, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láàárín ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ fi rí i rà ní àlòkù.

Iṣẹ́ DJ, ìyẹn ẹni tó ń yan orin tó sì ń so wọ́n pọ̀, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì rẹ̀ yóò rí i pé etí kan wà lábẹ́ hẹ́dìfóònù, tó ń gbọ́ orin tí àwọn èrò kò tíì gbọ́, nígbà tí etí kejì wà lọ́dọ̀ èyí tí wọ́n ń jó sí lọ́wọ́. Yóò fi ìka ti àwo tuntun síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn díẹ̀, títí ìlù méjèèjì yóò fi bọ́ sójú kan náà. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ ohùn ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó tó gbé ti èkejì sókè, nítorí pé bí ohùn ìsàlẹ̀ méjì bá pàdé, ńṣe ni wọn yóò da ara wọn rú. Bí ó bá ṣì í, gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lórí pápá ni yóò ṣìnà.

Ẹ̀sùn tó kù ni pé ohun kan náà ló ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, gúdúgúdú kì í yí ohùn padà, ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́, nítorí pé ó dúró sójú kan ni ìyáàlù fi rí àyè sọ̀rọ̀. Ìlù ńlá inú techno ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ohùn tó ń wọlé tó sì ń jáde lórí rẹ̀. Tony Allen, ọmọ Èkó tó lùlù fún Fela nínú ẹgbẹ́ Africa 70, mọ èyí dájú, nítorí pé òun àti Jeff Mills, DJ ọmọ Detroit tó ń fi ọwọ́ lu ẹ̀rọ ìlù TR-909 lójú agbo, jọ gbé àwo jáde ní ọdún 2018, ọdún méjì ṣáájú ikú Allen.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ bẹ̀rù kì í ṣe orin náà, bí kò ṣe bí ohùn rẹ̀ ti ń ròkè tó. Ọgọ́rùn-ún dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ohùn, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe gbèdéke fún ibi ìgbafẹ́ ní ọdún 2022. Kí ó ra ohun tí a fi ń dí etí dání, kí ó má dúró síwájú sípíkà, kí ó wá ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó ọwọ́ DJ, kí ó sì fún orin náà ní odidi wákàtí kan kó tó dá a lẹ́jọ́.