Sílíńdà Gáàsì: Ẹ Jẹ́ Kí Òṣùwọ̀n Sọ̀rọ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, gáàsì bú gbàmù ní Ládìpọ̀, ní Mùṣin, ẹ̀mí sì ṣòfò. Èyí kò ní kí a padà sí ìdí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fojú kékeré wo sílíńdà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, 3 tàbí 6 kílò tó fún tọkọtaya tuntun, 12.5 kílò ni ó yẹ onílé ọmọ. Ẹ má ra èyí tí ó ti dógùn-ún. Ẹ wo ọrùn rẹ̀: nọ́ńbà tí ó wà níwájú lẹ́tà TW ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ó ṣófo.

Nígbà tí ẹ bá lọ ra gáàsì, yálà ní Yábàá tàbí ní Sùúrùlérè, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú yín. Bí òfìfo rẹ̀ bá jẹ́ 14 kílò, tí ẹ sì san owó 12.5, kí òṣùwọ̀n fi 26.5 hàn. Bí ó bá dín, wọ́n rẹ́ yín jẹ. Bí ó bá lé, ewu ni, nítorí gáàsì inú rẹ̀ a máa fẹ̀ nínú ooru, ó sì ń fẹ́ àyè.

Ní ilé, ẹ fi omi ọṣẹ pa orí rẹ̀. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ yí orí sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan iná mànàmáná. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rà mọ́, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré.

Owó gáàsì ṣeé tún rí. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.