Ọmọ tó ń ya òṣùpá ní ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ọmọ òkùnkùn

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ rántí 7 September 2025, ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí òṣùpá máa yọ lálẹ́ ọjọ́ náà, pípọ́n ló pọ́n, ó sì ṣókùnkùn. Fóònù wa kò sinmi: "Pásítọ̀, òṣùpá ti di ẹ̀jẹ̀ o!" Àwa náà ní kí gbogbo yín wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ máa gbàdúrà. Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa kò wọlé. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó gbé fóònù lé ojú tẹlisíkóòpù kékeré kan, ó ń ya fọ́tò. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fojú burúkú wò ó nílé. Ní January, bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá bá wa, pé kí a ṣe àdúrà ìdáǹdè fún ọmọ, kí a sì dáná sun ẹ̀rọ.

A ní kò burú, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ lọ wò ó.

Ìdajì òṣùpá ló yọ lálẹ́ tí a lọ. Ọmọ náà ní àrànmọ́jú kọ́ ló dára jù fún fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, kò sí òjìji. Ìgbà tó bá ṣe ìdajì, tí oòrùn ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ni òkè àti kòtò inú rẹ̀ máa ń hàn. Ó dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun báláú lásán ni fọ́tò máa jẹ́. Ni ọyẹ́ bá bo ojú sánmà. Ọmọ náà lóṣòó, ó ń dúró. A rẹ́rìn-ín: Òṣómàáló gidi! Bí àwọn baba wa ṣe ń lóṣòó de owó aṣọ nìyẹn.

Nígbà tí ojú sánmà là, ó yí ẹ̀rọ sí Jupiter. A rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣùpá tirẹ̀ ni wọ́n, Galileo ará Ítálì ti rí wọn láti 1610. Ẹnu yà wá. Wọ́n máa ń pe àgùàlà ní ajá òṣùpá nítorí pé ó ń tẹ̀ lé e, àṣé àgùàlà fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Jíjìn ló jìn.

Òṣùpá pupa yẹn ńkọ́? Ayé ló bọ́ sáàárín oòrùn àti òṣùpá. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó gba inú afẹ́fẹ́ wa kọjá ló pọ́n, bí ti ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ ti mọ wákàtí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀tá wo ló ń fi ọjọ́ ìjà ránṣẹ́ síni tẹ́lẹ̀?

Ẹnìkan á ní Diutarónómì 4:19 ńkọ́. A ti kà á. Fíforí balẹ̀ fún wọn ló kọ̀, kò kọ wíwò. Àbí ojú dídì ni Dáfídì fi kọ Sáàmù 8? Ẹni tó ń bi ìràwọ̀ léèrè àyànmọ́ rẹ̀, ìyẹn la ṣì ń bá wí, a ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa òfuurufú wà ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ tó wà nítòsí wa yìí, láti 1998. Ta ni yóò débẹ̀ tí a bá ń dáná sun ẹ̀rọ ọmọ wa?

A dẹ́rù bà yín ní September. Àṣìṣe wa ni, ẹ dárí jì wá.

A ti dá ẹ̀rọ padà fún ọmọ náà. Yóò gbé e wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ìṣọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá. Ẹni tó bá sì ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má dojú rẹ̀ kọ oòrùn o, ó lè fọ́ni lójú.