Èdè Ni Ọjà Sinimá: Ẹ̀kọ́ Ara Désiré Ecaré

Àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ di olùdarí fíìmù ní Abidjan, èdè Faransé ni kí ó fi kọ eré rẹ̀, nítorí pé èdè ìbílẹ̀ kì í pa owó. Irọ́ gbáà ni.

Abidjan ni a bí Désiré Ecaré sí ní 1939. Ó kẹ́kọ̀ọ́ sinimá ní IDHEC ní Paris. Fíìmù rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Concerto pour un exil (1968) àti À nous deux, France (1970), dá lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó darí sílé láti ṣe Visages de femmes, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, kò parí rẹ̀ títí di 1985. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó ń wá owó kiri. Ọdún 12 gbáko! Síbẹ̀ fíìmù náà, tí èdè Adioukrou wà nínú rẹ̀, gba ẹ̀bùn àwọn alámèyítọ́ ní Cannes. Ọgbọ́n kò wọ́n ọn. Òǹwòran tí yóò sanwó nílé ni kò sí.

Ẹ wo Ọlá Balógun, ọmọ Nàìjíríà, tí òun náà jáde ní IDHEC. Ó ṣe Amadi ní èdè Igbo ní 1975. Ní 1976 ó gbé Àjàní Ògún jáde ní Yorùbá, Adéyẹmí Afọláyan sì kópa nínú rẹ̀. Èrò rọ́ lọ wò ó, nítorí pé eré alárìnjò Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ wọn láti sanwó fún eré tí ó ń sọ èdè wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Wọn yóò ní èdè Côte d'Ivoire lé ní 60, èwo ni kí a mú? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwáwí. Philippe Lacôte lo Dioula, èdè ọjà, pẹ̀lú Faransé nínú La Nuit des rois (2020). Èyí kò dí i lọ́wọ́ kí fíìmù náà tó dé àárín 15 tí a ṣà fún Oscar.

Nítorí náà, olùkọ́ èdè tí ó ń kọ́ni lówe, tí kò kọ́ni bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn tàbí bí a ti ń ṣe ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ó mọ̀ pé òun náà lọ́wọ́ nínú irú ọdún 12 bẹ́ẹ̀.