Ẹ̀kọ́ Wo Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Gé?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò kan àwọn yunifásítì tí à ń forí ṣe fọrùn ṣe kí àwọn ọmọ wa lè wọ̀. Owó kò tó wọn mọ́. Láti 2017 títí di 2025 ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ England fi dúró lójú kan ní £9,250 lọ́dún, kí wọ́n tó sún un sí £9,535, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo ń gbówó lórí. Owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Náírà já wálẹ̀ ní 2023; ní oṣù kìíní 2024, ìjọba fi òfin dè é pé ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Àwọn tí ń bọ̀ láti ilé dín kù. Ni yunifásítì púpọ̀ bá mú ọ̀bẹ.

Èmi kò jiyàn pé owó kò tó. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní 2023, Yunifásítì Chichester dáwọ́ gbígba akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí ẹ̀kọ́ oyè gíga lórí ìtàn Áfíríkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó fọ́n káàkiri ayé, wọ́n sì dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Hakim Adi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní owó tí ń wọlé kò tó èyí tí ń jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni ó kọ ìwé nípa WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta kópa ńlá nínú dídá rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1925.

Ẹ wá wo ìtòsí wa. Bọ́ọ̀sì 36 láti Camberwell yóò gbé yín dé New Cross, níbi tí Goldsmiths wà. Ní 2024, wọ́n kéde níbẹ̀ pé àwọn fẹ́ dín iṣẹ́ olùkọ́ bí 130 kù, ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí lítíréṣọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí sì bọ́ sínú ewu. Bernardine Evaristo, òǹkọ̀wé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, jáde síta láti gbèjà rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a ó máa ríran. Kí ẹni tí ó mú ọ̀bẹ tó gé ohunkóhun, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ pé: bí a bá ti ẹ̀kọ́ yìí pa, ibo ni ẹlòmíràn yóò ti rí i kọ́? Bí ibì kan bá ti ẹ̀kọ́ ìṣòwò pa, ibòmíràn wà. Bí owó bá sì padà dé, ǹjẹ́ a lè tún un gbé dìde? Olùkọ́ tí ó ti fi ogún ọdún kó ìmọ̀ jọ kì í ṣe àga tí a lè padà lọ rà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fọwọ́ sọ àyà. Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan ní Camberwell sọ pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni òun fẹ́ kà. Bàbá rẹ̀ dáhùn pé, "Ṣé ìtàn ni a ó fi san owó ilé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìṣirò owó ni ọmọ náà lọ kà. Mo mọ ohun tí ó ń ba bàbá náà lẹ́rù: ẹni tí ó ti fi òru gbá ọ́fíìsì kò fẹ́ kí ọmọ òun tún gbá a. Síbẹ̀, ẹ̀rín ọjọ́ náà ń dùn mí, nítorí pé àga tí ó ṣófo ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gé ẹ̀kọ́, àwa náà sì wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di òfìfo.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò lè gba ara wọn là. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ka ìtàn, èdè tàbí lítíréṣọ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà àti sí aṣojú-ṣòfin àdúgbò yín kí ìpàdé wọn tó parí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ti dàgbà, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín. Àgbà kì í kọ ẹ̀kọ́ tì.