Kí Ni Kí Àgbẹ̀ Gbé Dání?

Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Francis l'Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n pa olùjọsìn bíi 40, ohùn kan náà là ń gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpàdé àgbẹ̀: ẹ fún wa ní AK-47. Ìbẹ̀rù tó bí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojo. Rotimi Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, fúnra rẹ̀ bá ìjọba àpapọ̀ fà á títí pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tó lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ìjọba ni Àmọ̀tẹ́kùn láti ọdún 2020, wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n sì ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Àgbẹ̀ Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn tó ń lọ sóko ní ìdájí la kọ ìwé yìí fún. Ohun tí a ní kó gbé ni ìbọn ọdẹ tí òfin mọ̀, lẹ́yìn tó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. A sì ní kí ìjọba tún òfin tó sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó ṣe.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ báyìí. Ṣakabùlà ni. Yóò rọ ẹ̀tù sí i, yóò ki í, yóò kó ọta lé e, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sì yìn ín kó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀. Òjò a máa ba ẹ̀tù jẹ́. Èyí tí wọ́n fi páìpù lásán rọ sì lè bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Bàbá tí kò ní ju èyí lọ kò ní ohun tó lè fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé mẹ́ta.

AK-47 ńkọ́? Ìbọn ogun ni. Ọta rẹ̀ a máa gba inú ògiri kọjá, a sì máa pa ènìyàn lọ́nà jíjìn réré. Nínú abúlé tí ilé fara ti ilé, ta ni yóò bá wa ká ọta tó tàsé ajínigbé kúrò nínú yàrá tí ọmọ aládùúgbò ń sùn sí? Bí ìjà ilẹ̀ tàbí ìjà oyè bá sì dé lọ́la, ìbọn náà ṣì wà nílùú. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì kò ní agbára jíjìn bẹ́ẹ̀. Ó yá kì ju ṣakabùlà lọ, òjò kò sì tètè ràn án. Fún ẹni tó fẹ́ lé ewu kúrò lára kó sì sá là, ó tó.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ya ìbọn ogun sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ó fi ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì sí ìpele kejì, ṣakabùlà sì wà ní ìpele kẹta. Ibi tí ó ti dun ni ni pé Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni òfin gbé ìwé àṣẹ ti ìpele kejì lé lọ́wọ́. Báwo ni àgbẹ̀ Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ṣe máa tọ Abuja lọ nítorí ìbọn kan? Èyí ló ń ti olóòótọ́ ènìyàn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn ní kọ̀rọ̀.

Ìbọn nìkan kọ́ ni ẹrù àgbẹ̀ o. Fóònù tí iná wà nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì jù ú lọ, àti fèrè tí ará oko kejì yóò gbọ́. Kó mú ọ̀já gbọọrọ dání pẹ̀lú, nítorí bí ọta tàbí àdá bá gé iṣan ńlá ní ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára. Kí ẹ di ọ̀já náà sókè ojú ọgbẹ́, kí ẹ fi igi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí ẹ sì gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ náà lọ sílé ìwòsàn. Ní ti àyẹta, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yìnbọn lu ara yín láti dán an wò. Àwọn tó ti bá a lọ ti pọ̀ jù.

Kí àgbẹ̀ sì mọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé. Òfin gbà kéèyàn gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á. Kò gbà kó lé ẹni tó ti ń sá lọ kó sì yìnbọn fún un lẹ́yìn, kódà bó jẹ́ pé iṣu rẹ̀ ló jí.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè tún Òfin Ìbọn ṣe, nítorí ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìbọn sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, aṣojú àti sẹ́nétọ̀ yín l'Abuja ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ ní kí wọ́n gbé àṣẹ ìbọn ọdẹ wá sọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi gbèdéke ọjọ́ sí ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, tó ní àpótí onírin tó ń tì í mọ́, tí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọdẹ sì jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, ni yóò rí i gbà. Ẹ kọ orúkọ abúlé yín sí i, kí olúkúlùkù àgbẹ̀ sì fọwọ́ sí i.